Bí a ṣe ń yan réṣíò gíà fún ọkọ̀ tí a ń gbé lọ sí pápá eré

Àwa tó ń gbé ọkọ̀ ara wa lọ sá ní pápá eré, nǹkan mẹ́ta la máa ń kọ́kọ́ náwó lé lórí: táyà, bíréèkì, àti súpíríǹgì. Gíà kì í sábà sí níbẹ̀. Nígbà tó bá sì wá kan gíà, ìwé ọjà la máa ń ṣí, a ó wá èyí tí wọ́n kọ "close ratio" (gíà tó súnmọ́ra) sí lára, a ó sanwó, ó parí. Bí èmi náà ṣe kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn, owó mi sì gbọ́ ọ. Pápá ló ń yan gíà fún èèyàn. Ìwé ọjà kàn ń tà á ni. Nítorí náà, kọ́nà tí ẹ ń yà àti ibi tí ẹ ti ń tẹ bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ eyín irin.

Mo máa lo ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ìṣirò má baà dàrú: Mazda MX-5 àkọ́kọ́, oní-1.8 líítà, gíà márùn-ún. Òun lèmi ń gbé, òun sì ni mo mọ̀ dénú.

Ohun tí réṣíò ń wí

Gíà kìn-ín-ní ọkọ̀ yìí jẹ́ 3.136. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yóò yípo ní ìgbà mẹ́ta àti díẹ̀ kí ṣáàfù tó ń jáde lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù ni 1.888, 1.330, 1.000 àti 0.814. Dífẹrẹ́ńṣà, àpótí eyín tó wà láàárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò tún gba yíyípo yẹn, yóò tún dín in kù: píníọ̀nù tó ní eyín 10 ń yí kíráwùn tó ní eyín 41, èyí tó fún wa ní 4.10. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì: 3.136 × 4.10, ó di 12.86. Iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn ní gíà kìn-ín-ní.

Bí nọ́ńbà yìí bá tóbi, gíà kúkúrú là ń pè é: ó ń fà gan-an, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Bó bá kéré, gíà gígùn ni. Kò sí gíà tó ń dá agbára sílẹ̀ o. Agbára tí ẹ́ńjìnnì bá mú jáde náà ni yóò dé táyà, lẹ́yìn ìwọ̀nba tí irin bá jẹ lọ́nà. Iṣẹ́ réṣíò ni láti rí i pé ní eré èyíkéyìí tí ọkọ̀ bá wà, ẹ́ńjìnnì wà níbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀.

Ẹ wọn táyà yín pẹ̀lú ọwọ́ ara yín

Nọ́ńbà tó wà lára táyà lè ṣini lọ́nà. 205/50R15 ní orí ìwé ga tó mílímítà 586, èyí tó sọ àyíká rẹ̀ di mítà 1.84. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá jókòó lé e lórí, táyà á tẹ̀ díẹ̀, ibi tó máa ń rìn ní ìyípo kan á sì dín sí ìyẹn.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó máa ń ní nígbà tó bá gbóná ní pápá. Kí ẹnìkan tó wúwo tó yín jókòó síbi awakọ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, ẹ sàmì sílẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá ti ọkọ̀ lọ síwájú lọ́nà tó tọ́ títí àmì yóò fi dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹ wọn ibẹ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Tèmi jẹ́ mítà 9 géérégé, ìyẹn mítà 1.80 ní ìyípo kan.

Ìṣirò eré wá di ohun tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe: RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yípo ní ìṣẹ́jú kan), ìlọ́po 60, ìlọ́po mítà táyà, ẹ pín in sí 1,000, kí ẹ tún pín in sí réṣíò gíà àti ti dífẹrẹ́ńṣà. Pẹ̀lú 4.10, ní 7,000 RPM, gíà kìn-ín-ní dé 59 km/h, ìkejì 98, ìkẹta 139, ìkẹrin 184, ìkarùn-ún 227. Orí ìwé nìkan ni ti ìkarùn-ún yẹn wà. Ẹ́ńjìnnì yìí ò lágbára tó láti gún afẹ́fẹ́ débẹ̀.

Bí ẹ ò bá mọ réṣíò tó wà nínú ọkọ̀ yín, bóyá ẹni tó tà á fún yín ti pààrọ̀ nǹkan nísàlẹ̀, GPS lè sọ fún yín. Ẹ dúró sójú eré kan ní gíà kan, ẹ ka RPM. Bí mo bá wà ní 100 km/h ní gíà ìkẹrin tí RPM sì jẹ́ 3,800: 3,800 × 60 × 1.80, kí a pín in sí 100,000, ó jẹ́ 4.10. Ìkẹrin ọkọ̀ yìí jẹ́ 1.000, nítorí náà 4.10 ni dífẹrẹ́ńṣà. Ẹ má fi mítà eré inú ọkọ̀ ṣe é. Ó máa ń bù mọ́ ọn.

Ẹ kọ pápá sílẹ̀, kọ́nà sí kọ́nà

Ibí yìí niṣẹ́ wà. Bí ẹ bá máa fo ìpín kan nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí.

Ohun tí ẹ nílò ò ju ohun tó ń gba ìròyìn GPS sílẹ̀ lọ, èyí tó ń kà á ó kéré tán ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti kámẹ́rà kékeré tó kọjú sí mítà RPM. Ẹ sá ìpele (ìyípo pápá kan) mẹ́rin márùn-ún tó dọ́gba. Ẹ yọ èyí tí ọkọ̀ mìíràn ti dí yín lọ́wọ́ kúrò. Fún kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ eré tó kéré jù níbẹ̀, gíà tí ẹ wà, RPM nígbà tí ẹ tẹ tọ́rọ́tù (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré) dé ìsàlẹ̀ padà, àti eré tí ẹ dé kí ẹ tó tẹ bíréèkì fún kọ́nà tó tẹ̀lé e. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ń yí gíà náà, pàápàá bó bá jẹ́ àárín kọ́nà.

Nínú ìwé tèmi, ìlà mẹ́ta ló gba àfiyèsí mi. Kọ́nà kan wà tí mo ń jáde ní 70 km/h: 5,000 RPM ní gíà kejì, ó dára. Òpin ọ̀nà gbọọrọ jẹ́ 178 km/h: gíà ìkẹrin, nǹkan bí 6,750, ó dára bákan náà. Ẹ̀kẹta ni wàhálà. Kọ́nà gígùn kan ni, a máa ń yà á ní 95 km/h. Ní gíà kejì, ẹ́ńjìnnì ti wà ní 6,800, ó ń pariwo, bí mo bá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí ó kan ìdíwọ̀n RPM, ìyẹn 7,000 tí ẹ́ńjìnnì kì í kọjá, mo sì ní láti yí gíà nígbà tí ọkọ̀ ṣì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ní gíà kẹta, 4,800 péré ni. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ ń ga jù ní nǹkan bí 6,500 á kàn máa mí hẹ̀ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́nà bẹ́ẹ̀ wà ní ìpele kan.

Kọ́nà tó bọ́ sáàárín gíà méjì ni ẹ ń wá. Òun ló ń jẹ àkókò. Àwọn kọ́nà tó ti bá gíà yín mu, bí ẹ bá yí réṣíò padà, ẹ lè ba tiwọn jẹ́, torí náà ẹ máa fi ojú kan wò wọ́n.

Ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì yín ṣe ń fúnni lágbára

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn agbára, kí ẹ gba ìwé rẹ̀. Ẹ wá ibi tí agbára ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn àti ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Àlàfo yẹn ló ń sọ bí gíà méjì ṣe lè jìnnà síra tó.

Ká ní ẹ ti pààrọ̀ kámṣáàfù (irin tó ń ṣí fálífù ẹ́ńjìnnì), tí ẹ́ńjìnnì wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti 5,800 sí 7,800. Ẹ pín 7,800 sí 5,800: 1.34. Bí gíà kan bá jìnnà sí èkejì ju ìyẹn lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí gíà lẹ máa já sínú kòtò. Láti ìkejì sí ìkẹta nínú gíábọ́ọ̀sì MX-5 yìí jẹ́ 1.888 pín sí 1.330, ìyẹn 1.42, ẹ́ńjìnnì á já sí 5,500. Kòtò nìyẹn. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nílò gíà tó súnmọ́ra, kò ṣeé bẹ̀.

Ti oní-túbò, ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, yàtọ̀. Èyí tó ń fa dáadáa láti 3,000 dé 6,500, ẹ fi gíà tó bá ilé iṣẹ́ wá sílẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí kò sí kòtò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi pèpele ṣe? Gíà gígùn tiẹ̀ lè yá a ju kúkúrú lọ, nítorí yíyí gíà á dín kù.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tó yẹ kí a yí gíà náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ ń yí i níbi tí tọ́ọ̀kù (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ṣáàfù, Nm la fi ń wọ̀n ọ́n) bá ti ga jù, wọ́n sì ń pàdánù. Ẹ fi agbára tó ń dé táyà ní gíà méjèèjì wéra. Ká ní ní 7,000 ẹ́ńjìnnì ń mú 120 Nm wá, tó sì ń mú 148 wá ní 5,260 tí a máa já sí ní gíà ìkẹrin. Ní ìkẹta, 120 × 1.330 jẹ́ 160. Ní ìkẹrin, 148 × 1.000 jẹ́ 148. Ó yẹ kí ẹ ṣì dúró ní ìkẹta, bí ohùn ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tú òun sílẹ̀.

Dífẹrẹ́ńṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ yí

Pípààrọ̀ eyín inú gíábọ́ọ̀sì wọ́n. Pípààrọ̀ kíráwùn àti píníọ̀nù rọrùn jù ú lọ, ó sì ń kan gbogbo gíà lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: bí ẹ bá kúrò ní 205/50R15 bọ́ sí 195/50R15, táyà kéré sí i pẹ̀lú nǹkan bí 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo gíà yín á sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ láìtíì fọwọ́ kan irin kankan.

Èmi wo kọ́nà 95 km/h yẹn, mo ní 4.30 ni oògùn rẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí i lágbára fífà, ní gbogbo gíà. Ta ni kò fẹ́? Mo rà á, wọ́n dè é, mo gbé ọkọ̀ lọ. Kọ́nà yẹn dára sí i lóòótọ́: ní gíà kẹta mo ti wà ní 5,030 dípò 4,800, mo sì lè gbàgbé gíà kejì níbẹ̀. Inú mi ń dùn títí mo fi dé ọ̀nà gbọọrọ.

Mi ò tíì dé àmì ibi tí mo ti ń tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pá-pá-pá. Ìdíwọ̀n ni. Pẹ̀lú 4.30, gíà ìkẹrin tán ní 176 km/h, èmi sì ń lọ sí 178. Nítorí km/h méjì! Mo yí i sí ìkarùn-ún. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni yíyí gíà ń gbà mí, ní eré yẹn ọkọ̀ á ti rin nǹkan bí ogún mítà láìsí ohun tó ń tì í, afẹ́fẹ́ sì ń fà á sẹ́yìn. Bí mo ṣe wọ ìkarùn-ún báyìí, àkókò bíréèkì tó, mo sì ní láti sọ gíà mẹ́ta kalẹ̀ dípò méjì. Gbogbo ohun tí mo jèrè nínú kọ́nà méjèèjì, ibẹ̀ ni mo dà á sí. Aago ìpele fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mò ń wo ìwé tí èmi fúnra mi kọ, 178 wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà, ẹ mú ìwé pápá yín, ẹ fi réṣíò tuntun ṣe ìṣirò gbogbo ìlà padà. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó yí gíà ní ìpele kan, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Bí ó bá fi ẹ̀ẹ̀kan kún un lójú ọ̀nà gbọọrọ, ó ní láti san án padà níbòmíràn pẹ̀lú èlé.

Àwọn ìkìlọ̀ kéékèèké:

- Kíráwùn àti píníọ̀nù ń rìn pọ̀ ni. Ẹ má ra ọ̀kan láìsí èkejì.
- Orúkọ ọkọ̀ kan náà kò ní kí irin bára mu. 4.30 inú MX-5 oní-1.6 àkọ́kọ́ kéré, kò lè wọ ilé dífẹrẹ́ńṣà oní-1.8.
- Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń gba agbára, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dífẹrẹ́ńṣà àárín á jẹ ara rẹ̀ tán.
- Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, inú gíábọ́ọ̀sì ni eyín yìí sábà máa ń wà, ẹ ó sì tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú ronú sí ìpín tó kàn.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ yan gíà kọ̀ọ̀kan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Gíà tó ga jù gbọ́dọ̀ mú ẹ́ńjìnnì dé ibi agbára tó pọ̀ jù, tàbí kọjá a díẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré jù ní pápá. Ẹ fi RPM igba sí ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀ lókè, nítorí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn tàbí tí ẹ bá rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn. Ibi tí 4.30 ti mú mi nìyẹn.

Ẹ wá lọ sí ìsàlẹ̀: kọ́nà tó lọ́ra jù. Èmi ní 70 km/h ní gíà kejì, 1.888, mo ti ní ó dára. Òkè jẹ́ 1.000, èyí tó máa wá di gíà ìkarùn-ún. Gíà méjì ló máa wà láàárín.

Ẹni tó bá ń kánjú á pín àlàfo náà dọ́gba: 1.888, 1.528, 1.236, 1.000. Ẹ́ńjìnnì á já láti 7,000 sí nǹkan bí 5,660 nígbàkigbà. Ó rí mèremère lórí ìwé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò dọ́gba: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹ nílò láti fi gún afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Lókè ni ẹ́ńjìnnì ò ti ní nǹkan tó lè fi ṣòfò, ibẹ̀ ló yẹ kí gíà ti súnmọ́ra jù. Nísàlẹ̀, àlàfo lè fẹ̀ díẹ̀. Mo máa ṣe é báyìí: 1.888, 1.475, 1.190, 1.000. Ẹ́ńjìnnì á já sí 5,470, lẹ́yìn náà 5,650, lẹ́yìn náà 5,880.

Pẹ̀lú 4.10, àwọn wọ̀nyí dé 98, 125, 155 àti 184 km/h. Ẹ padà wo kọ́nà 95 wa: ní gíà kẹta tuntun, 5,320 RPM ni. Kò ní kan ìdíwọ̀n, kò sì ní mí hẹ̀ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òpin ọ̀nà gbọọrọ kò yẹ̀ níbi tó wà. Ohun tí ẹ ó san ni yíyí gíà kan sí i láti kọ́nà 70 títí dé 178. Fún ẹ́ńjìnnì kékeré tó fẹ́ràn RPM, mo gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Fún oní-túbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé owó yín padà sápò.

Ti gíà kìn-ín-ní kì í ṣe wàhálà ńlá. Ibi ìdúró lẹ ti ń fi jáde, ó tán. Nǹkan bí 2.64 á bá ìyókù mu. Kìkì pé kílọ́ọ̀ṣì á máa jìyà rẹ̀ bí ẹ bá tún ń gbé ọkọ̀ náà rìn láàárín ìlú, pàápàá lórí òkè.

Ẹ ó rí i tí wọ́n ń polówó eyín tó gún régé àti dog box. Eyín tó gún régé kì í ti ṣáàfù sí ẹ̀gbẹ́ bí eyín tó fì ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n yóò máa hu bí ìkookò létí yín. Dog box kò ní sínkírò (òrùka tó ń mú kí eré eyín dọ́gba kí wọ́n tó wọra), ó ń wọlé kíákíá bí ẹ bá fi agbára jù ú sí i, ó sì ń fọ́ bí ẹ bá ń fi ìtìjú wa ọkọ̀. Ọ̀tọ̀ ni réṣíò, ọ̀tọ̀ ni àwọn yìí. Ẹ lè ní réṣíò tó dára pẹ̀lú eyín tó fì àti sínkírò.

Àwọn tó ń fi eré ọkọ̀ ṣiṣẹ́ jẹ ìgbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Nínú Formula 1, títí dé 2013, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yan gíà tó bá pápá mu, ti Monaco tó kún fún kọ́nà yàtọ̀ sí ti Monza tó jẹ́ kìkì eré. Láti 2014 ni òfin ti ní kí wọ́n ní gíà mẹ́jọ, kí wọ́n sì yan réṣíò gíà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí ọdún eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ní gíábọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí pápá tí ẹ ń lọ bá ju ọ̀kan lọ, èyí tí ẹ ń lọ jù ni kí ẹ ṣe é fún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán

Kí mẹkáníìkì kun eyín kíráwùn lọ́dà, kó yí i, kó sì fi ibi tí eyín ti ń kanra hàn yín kó tó pa á dé. Bó bá kan létí nìkan, kò tíì parí. Eyín tuntun kò fẹ́ ooru: ẹ rìn jẹ́jẹ́ ní ìrìn àkọ́kọ́, ẹ dúró kó tutù, ẹ tún rìn. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì ìdérí rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin dúdú tó kúnná kò burú. Èyí tí ẹ bá lè fi ìka mú, ẹ dá ọkọ̀ dúró.

Bí mítà eré yín bá ń ka yíyípo láti ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì, yóò máa parọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí dífẹrẹ́ńṣà. Èyí tó ń kà á láti ara táyà kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ní pápá, ẹ sá ìpele mẹ́ta láì wo aago, nítorí ọwọ́ yín ṣì ń lọ sí gíà àtijọ́. Ẹ wá mú ìwé kọ́nà jáde, kí ẹ kọ RPM tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Èmi ti padà sí 4.10 ní pápá ọlọ́nà gbọọrọ yẹn, mo sì ń tọ́jú owó fún gíà àárín méjèèjì. 4.30 wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi nínú àkísà tí mo rẹ sínú ọ́ìlì. Pápá kékeré kan wà tí ọkọ̀ mi kì í kọjá 160 níbẹ̀: 6,370 RPM ní gíà ìkẹrin. Mo ti ṣe ìṣirò gbogbo ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.